Ṣé gbígbé SSH kúrò ní pọ́ọ̀tù 22 ti tó láti dáàbò bo sáfà wa?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń bá ilé ẹ̀kọ́ girama kan tọ́jú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń pa ìsọfúnni wọn mọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbí ní Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin. Ilẹ̀ Faransé ni sáfà náà wà, a ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù, Ubuntu 24.04 ló sì wà lórí rẹ̀. Máàkì àwọn ọmọ, orúkọ àwọn òbí, nọ́ńbà fóònù wọn àti owó ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti san, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àwa mẹ́ta ló ń gba SSH, ọ̀nà tí a fi ń darí sáfà láti òkèèrè, wọlé: èmi ní Kétu, ẹnì kan ní Àjàṣẹ́, ẹnì kan ní Sábẹ̀ẹ́. Àkáǹtì kan náà àti ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà ni gbogbo wa ń lò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo wo àkọsílẹ̀ sáfà, mo rí i pé àwọn kan ń gbìyànjú láti wọlé tọ̀sán-tòru, pẹ̀lú orúkọ bíi root, admin àti test. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n gbé SSH kúrò ní pọ́ọ̀tù 22, nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tó máa ń lò, lọ sí 2222, ó ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ̀rù sì ń bà mí kí n má lọ fi ọwọ́ ara mi ti ara mi mọ́ta, nítorí kò sí ẹni tí mo lè rán lọ sí Faransé pé kó bá mi tún un ṣe.

Ìdáhùn

Àbúrò mi, kò tó. Ọ̀rẹ́ rẹ kò purọ́ pé ariwo inú àkọsílẹ̀ yóò dínkù, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣèyẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pọ́ọ̀tù 22 nìkan ni wọ́n ń kàn. Ṣùgbọ́n ariwo kọ́ ló lè pa yín lára. Ohun tó lè pa yín lára ni pé ẹnikẹ́ni tó bá mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, tàbí tó ṣèèṣì rò ó bá, yóò wọlé láti ibikíbi láyé, ẹ kò sì ní mọ̀ bóyá òun ni tàbí ọ̀kan nínú ẹ̀yin mẹ́ta. Ẹ mú ọ̀rọ̀ aṣínà kúrò lẹ́nu ọ̀nà SSH pátápátá. Gbogbo nǹkan yòókù tí màá sọ, àlékún ni.

Ọmọ Kétu ni ọ́, o mọ Àkàbà Ìdènà. Ká ní àwọn bàbá wa kò mọ odi, tí wọn kò wa yàrà, tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n kàn ń gbé ẹnubodè náà láti ìhà kan ìlú lọ sí ìhà kejì. Ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ yóò rìn yí ìlú ká, yóò sì bá a níbi tó wà. Pọ́ọ̀tù TCP kò ju 65,535 lọ lórí àdírẹ́sì kan, iṣẹ́ kékeré sì ni fún ẹ̀rọ láti kan gbogbo rẹ̀. 2222 tilẹ̀ ni ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sá lọ, àwọn tó ń wá ọ̀nà sì ti mọ̀. Lórí Ubuntu 24.04, wàhálà mìíràn tún wà: systemd, ètò tó ń gbé àwọn iṣẹ́ dìde lórí ẹ̀rọ, ló ń di pọ́ọ̀tù náà mú nípasẹ̀ ssh.socket. Bí o bá yí ìlà Port padà tí o tún ssh nìkan gbé dìde, o lè rí i pé orí 22 ló ṣì wà, àfi tí o bá ṣe `systemctl daemon-reload` kí o sì tún ssh.socket gbé dìde. Ṣé o rí i? Iṣẹ́ púpọ̀, èrè kékeré. Fi í sílẹ̀ sí 22.

Kí o tó fọwọ́ kan ètò kankan, wò ó bóyá ẹnì kan ti wọlé ná. Àwọn tí o rí nínú àkọsílẹ̀ ni àwọn tí kò rí ọ̀nà. Àwọn tó rí ọ̀nà ló yẹ kí o wá:

sudo zgrep Accepted /var/log/auth.log*

Ìlà kọ̀ọ̀kan yóò sọ bí ẹni náà ṣe wọlé (`password` tàbí `publickey`), àkáǹtì tó lò, àdírẹ́sì IP tó ti wá àti àsìkò. Jókòó tì í dáadáa. Pe ẹni Àjàṣẹ́ àti ẹni Sábẹ̀ẹ́ lórí fóònù, ẹ jọ fi àsìkò wéra. Àkọsílẹ̀ yìí kì í pẹ́ títí, sáfà máa ń pa èyí tó bá ti gbó rẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí náà òní ni kí o wò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, ṣí fáìlì authorized_keys nínú fódà .ssh ti àkáǹtì kọ̀ọ̀kan, títí kan ti root, àkáǹtì ọ̀gá ẹ̀rọ. Ìlà tí ẹ kò bá mọ ẹni tó ni ín níbẹ̀, ìyẹn ni pé àlejò ti ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, dá ètò ààbò yìí dúró ná. Kó àwọn ìsọfúnni ilé ẹ̀kọ́ jáde, gba sáfà tuntun, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti di ọ̀gá lórí ẹ̀rọ kan, kò sí ètò tí o lè yí padà níbẹ̀ tí òun náà kò lè yí padà.

Tó bá mọ́, ó yá.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣebí SSH fúnra rẹ̀ ni ààbò. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ààbò kan pàtó ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ní 1995, ẹnì kan rí ọ̀nà dẹ etí sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìlú Helsinki ní Finland, ó ń jí ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Tatu Ylönen, tó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí níbẹ̀, ló kọ SSH kí ohun tí a ń tẹ̀ má baà hàn sí ẹni tó wà lójú ọ̀nà. OpenSSH tó wà lórí sáfà rẹ, àwọn tó ń ṣe OpenBSD ló gbé e jáde ní 1999. Ó bo ọ̀nà láti Kétu dé Faransé dáadáa. Kò lè sọ ọ̀rọ̀ aṣínà tí kò lágbára di alágbára, kò sì lè dá ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ náà padà.

Nítorí náà, kọ́kọ́rọ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yín ni yóò ṣe tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀:

ssh-keygen -t ed25519 -C "ketu-laptop"

Fáìlì méjì ni yóò jáde. Èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí .pub ni ti gbangba, òun ló ń lọ sórí sáfà. Kò sí ohun tí olè lè fi í ṣe. Èkejì ni ti ìkọ̀kọ̀, kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ṣe é. Má fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, má fi í sínú ímeèlì, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa lo ẹyọ kan kí ó lè rọrùn. Ìrọ̀rùn yẹn náà ló kó yín dé ibi tí ẹ wà báyìí. Nígbà tí ssh-keygen bá bi ọ́ ní gbólóhùn aṣínà, má kàn tẹ Enter kọjá. Bí wọ́n bá jí laptop rẹ nínú mọ́tò, gbólóhùn yẹn nìkan ló kù láàárín olè àti máàkì àwọn ọmọ. Fi í gùn. Òwe tí ìyá rẹ fẹ́ràn tàbí oríkì ìdílé yín kò dára, nítorí àwọn ará ilé mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà tí kò bá ara wọn tan ló dára.

Àkáǹtì náà gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Ṣe ti ẹnì kọ̀ọ̀kan fún un, fi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú sudo, ẹgbẹ́ tó lè pàṣẹ bí root, kí o sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí màá pè ní awole, àwọn tó bá wà nínú rẹ̀ nìkan ni SSH yóò gbà wọlé:

sudo groupadd awole
sudo usermod -aG awole orúkọ-àkáǹtì

Má gbàgbé lẹ́tà a tó wà nínú -aG yẹn. Bí o bá tẹ -G nìkan, ẹ̀rọ yóò yọ ẹni náà kúrò nínú gbogbo ẹgbẹ́ yòókù, sudo wà lára wọn, ẹ̀yin yóò sì wá jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àkáǹtì tí kò lè ṣe nǹkan kan.

Ní ti bí kọ́kọ́rọ́ gbangba àwọn méjì yòókù yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ, wọ́n lè fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kò burú. Ṣùgbọ́n pe ẹni náà, kí o gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ó tẹ `ssh-keygen -lf` pẹ̀lú orúkọ fáìlì .pub rẹ̀, kí ó ka àmì tó jáde fún ọ, kí ìwọ náà tẹ àṣẹ kan náà lórí èyí tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bí ẹnì kan bá ti gba WhatsApp rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, kọ́kọ́rọ́ tí o máa gbé sórí sáfà lè jẹ́ ti gbájúẹ̀.

Ó wá ku ètò fúnra rẹ̀. O lè ti rí oríṣiríṣi àkójọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní ogójì ìlà. Tèmi kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀:

PermitRootLogin no
PasswordAuthentication no
KbdInteractiveAuthentication no
AllowGroups awole
X11Forwarding no
LoginGraceTime 60
ClientAliveInterval 60

Àwọn tó ń ṣe OpenSSH fi ọ̀rọ̀ aṣínà sílẹ̀ ní ṣíṣí nínú ètò tó bá ẹ̀rọ wá nítorí pé sáfà tuntun kò tíì ní kọ́kọ́rọ́ ẹnikẹ́ni lórí. Bí wọ́n bá tì í, ẹni tó rà á kò ní rí ọ̀nà wọlé lọ́jọ́ kìíní. Ìwọ ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún kí o tì í. Ti root, láti ẹ̀dà 7.0 ní 2015 ni wọ́n ti dí ọ̀nà ọ̀rọ̀ aṣínà mọ́ ọn, kọ́kọ́rọ́ nìkan ló lè lò. Ṣùgbọ́n àwọn kan tó ń yáni ní sáfà máa ń tún un ṣí kí oníbàárà lè tètè wọlé. A kò nílò rẹ̀ rárá, sudo wà. Ìlà kẹta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé: bí PasswordAuthentication bá wà ní no tí KbdInteractiveAuthentication sì wà ní yes, PAM, ètò tí ẹ̀rọ fi ń yẹ ẹni tó ń wọlé wò, ṣì lè gba ọ̀nà yẹn béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀. Ubuntu ti kọ no sí i nínú fáìlì rẹ̀, kọ tìrẹ náà.

Ìṣẹ́jú méjì ni ètò tó bá ẹ̀rọ wá fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń wọlé láti fi ara rẹ̀ hàn. Mo dín in kù sí ìṣẹ́jú kan. Àwọn àkójọ ogójì ìlà yẹn máa ń kọ 20 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó kọ wọ́n kò gbìyànjú láti wọlé rí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń ṣe ségesège, pẹ̀lú gbólóhùn aṣínà gígùn tí ó ń tẹ̀ nínú òkùnkùn. ClientAliveInterval 60 ní tirẹ̀ yóò jẹ́ kí sáfà máa bi kọ̀ǹpútà rẹ léèrè ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan bóyá o ṣì wà. Bí kò bá rí ìdáhùn nígbà mẹ́ta, yóò pa ọ̀nà náà dé. Bí iná bá lọ lójijì, kò ní sí ọ̀nà ṣíṣí tí kò ní olúwa. Fi tmux sórí sáfà, inú rẹ̀ ni kí o ti máa ṣiṣẹ́ gígùn. Bí iná tàbí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ láàárín ìmúdójúìwọ̀n, wàá bá iṣẹ́ rẹ níbi tó dé.

Ibi tí o máa kọ ìlà méje yìí sí ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú, fara balẹ̀ kà á. Lórí Ubuntu, fáìlì /etc/ssh/sshd_config ní ìlà Include kan lókè pátápátá, tó ń pe gbogbo fáìlì tó bá parí sí .conf nínú /etc/ssh/sshd_config.d wọlé. SSH ń kà wọ́n bí orúkọ wọn ṣe tẹ̀ léra. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ mìíràn, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ṣẹ. Níbí, ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni. Èyí tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀, SSH kò ní gbà á, kò sì ní bú ọ, kò ní kìlọ̀, yóò kàn dákẹ́. Lórí ọ̀pọ̀ sáfà àyálò, fáìlì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ 50-cloud-init.conf, ìlà kan ṣoṣo ló sì máa ń wà nínú rẹ̀: PasswordAuthentication yes. Bí o bá lọ yí fáìlì ńlá padà, tàbí tí o kọ tìrẹ sínú 99-ileeko.conf, 50 ti sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ. Wàá rò pé o ti tì í, wàá lọ sùn, ọ̀rọ̀ aṣínà yóò sì máa ṣiṣẹ́ lọ.

Pe tìrẹ ní 00-ileeko.conf. Lẹ́yìn tí o bá kọ ọ́, bi SSH fúnra rẹ̀ léèrè ohun tó gbà:

sudo sshd -t
sudo sshd -T | grep -Ei 'permitroot|passwordauth|kbdinter|allowgroups'

Àṣẹ àkọ́kọ́ ń wo àṣìkọ. Bí kò bá sọ nǹkan kan, ó dára. Èkejì ń tẹ ètò tí yóò ṣiṣẹ́ gan-an jáde lẹ́yìn tó ti ka gbogbo fáìlì pọ̀. Ohun tó bá sọ ni kí o gbà gbọ́, má gba ohun tí o rí nínú fáìlì gbọ́. Bí ó bá ṣì ń sọ passwordauthentication yes, ẹnì kan wà tó ń sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ. Wá a rí.

Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ tọ́. Ọ̀nà tí mo máa ń gbà nìyí. Fèrèsé kan wà ní ṣíṣí tí mo ti wọlé sórí sáfà, n kò ní pa á títí iṣẹ́ yóò fi parí. Kí n tó tún SSH gbé dìde, mo máa ń fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún sáfà pé bí n kò bá dá a dúró láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó yọ fáìlì mi kúrò, kí ó sì dá gbogbo nǹkan padà sí bó ṣe wà:

sudo systemd-run --unit=dapada --on-active=10min /bin/sh -c 'rm /etc/ssh/sshd_config.d/00-ileeko.conf; systemctl restart ssh'
sudo systemctl restart ssh

Títún SSH gbé dìde kì í lé ẹni tó ti wà nínú ilé jáde, nítorí náà fèrèsé àkọ́kọ́ yóò ṣì wà. Wá ṣí fèrèsé kejì, kí o fi kọ́kọ́rọ́ rẹ wọlé láti ìta bí àlejò. Bí o bá wọlé, tẹ `sudo -v` kí o rí i pé sudo náà gbà ọ́. Lẹ́yìn náà, ṣí fèrèsé mìíràn lórí kọ̀ǹpútà rẹ fúnra rẹ̀, kì í ṣe lórí sáfà, kí o tẹ èyí láti wò ó bóyá ó ṣì ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà:

ssh -o PubkeyAuthentication=no orúkọ@sáfà

Ó gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, láì béèrè nǹkan kan. Bí ó bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, iṣẹ́ kò tíì parí. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ dáadáa, `sudo systemctl stop dapada.timer` ni yóò dá iṣẹ́ ìdápadà náà dúró. Bí iná bá lọ ní Kétu kí o tó dé ibẹ̀, sáfà yóò dá ara rẹ̀ padà, wàá tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn.

Ọ̀nà ìkẹyìn tún wà. Iléeṣẹ́ tó yá yín ní sáfà sábà máa ń ní ojú ewé kan tí ẹ ti lè rí ojú ẹ̀rọ náà bí ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀, wọ́n ń pè é ní console. Kò gba ọ̀nà SSH kọjá, ọ̀rọ̀ aṣínà àkáǹtì ló ń béèrè. Nítorí èyí àti nítorí sudo, má pa ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn àkáǹtì rẹ́. Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní èyí tó gùn, kí ó máa lò ó nínú ilé nìkan. Wọ console náà lẹ́ẹ̀kan kí o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, kí o mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́.

Mo mọ ohun tí wàá béèrè tẹ̀ lé e: ṣé kí a má kúkú jẹ́ kí àdírẹ́sì IP ẹ̀yin mẹ́ta nìkan lè wọlé? Lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù tí ọ̀pọ̀ wa ń lò láti Àjàṣẹ́ dé Sábẹ̀ẹ́, mi ò gbà ọ́ nímọ̀ràn rẹ̀. Àdírẹ́sì tí sáfà ń rí sábà máa ń jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ oníbàárà jọ ń pín lò, ó sì lè yí padà nígbà tí fóònù bá pa tó tún tàn. Ohun kan náà ni mo ní láti sọ nípa fail2ban. Bí o bá fi í sórí ẹ̀rọ láì yí i padà, ẹni tó bá ṣàṣìṣe lẹ́ẹ̀márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yóò lé àdírẹ́sì rẹ̀ síta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó dára láti dín ariwo kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí, tí ẹ jọ ń pín àdírẹ́sì, lè ṣẹ̀ kí ìyà sì jẹ ọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ aṣínà bá ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tó ń tẹ root àti admin lè máa tẹ̀ ẹ́ títí, kò sí ohun tí wọ́n lè rò bá. Má pààrọ̀ MaxAuthTries náà, iye ìgbà tí ẹni tó ń wọlé lè gbìyànjú. Mẹ́fà ló bá ẹ̀rọ wá. Bí o bá sọ ọ́ di méjì, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ púpọ̀ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò kàn rí i pé sáfà lé òun kí kọ́kọ́rọ́ tó tọ́ tó kàn, nítorí ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí kò bá mu ni wọ́n ń kà.

Àwọn ìlà gígùn nípa Ciphers àti KexAlgorithms, ìyẹn àwọn ọ̀nà tí SSH fi ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ àti èyí tó fi ń pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, má fọwọ́ kàn wọ́n. Àwọn tó ń ṣe OpenSSH ń yọ èyí tó ti gbó kúrò fúnra wọn, wọ́n sì ń fi tuntun sí i: láti ẹ̀dà 9.0 ní 2022 ni wọ́n ti fi ọ̀nà pàṣípààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ṣe nítorí kọ̀ǹpútà kuantọ́mù ọjọ́ iwájú sí ipò àkọ́kọ́. Ẹni tó bá da àkójọ 2016 kọ sórí sáfà rẹ̀ yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́ kúrò.

Ètò tó dára jù lọ kò sì lè gba ẹ̀rọ tí kò gba àtúnṣe là. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 2024, iléeṣẹ́ Qualys kéde àléébù kan nínú OpenSSH tí wọ́n pè ní regreSSHion: àṣìṣe tí wọ́n ti tún ṣe ní 2006 ló tún yọ́ padà wọlé láti ẹ̀dà 8.5. Ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àsìkò LoginGraceTime bá pé tí ẹni náà kò tíì fi ara rẹ̀ hàn, ìyẹn ni pé kọ́kọ́rọ́ rẹ kò ní ohun tó lè ṣe sí i. 9.6 tó bá Ubuntu 24.04 jáde wà lára àwọn tó kàn. Wọ́n ti tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba àtúnṣe nìkan ló bọ́. Tẹ `systemctl status unattended-upgrades` kí o rí i pé ètò tó ń gba àtúnṣe fúnra rẹ̀ yìí ń ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà ẹ̀dà náà lè ṣì máa sọ 9.6, má jẹ́ kó dẹ́rù bà ọ́; Ubuntu máa ń fi àtúnṣe náà sínú ẹ̀dà àtijọ́ láì yí nọ́ńbà ńlá padà.

Lọ́jọ́ tí ẹnì kan nínú yín bá kúrò níbi iṣẹ́, má rò pé `passwd -l` ti tì í síta. Ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan ni àṣẹ yẹn ń tì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yóò ṣì máa wọlé. Yọ ọ́ kúrò nínú awole, pa ìlà rẹ̀ rẹ́ nínú authorized_keys, kí o sì tẹ `sudo usermod --expiredate 1` pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ìsọfúnni àwọn ọmọ àti òbí wọn ni ẹ ń tọ́jú, òfin sì wà lórí rẹ̀ nílùú yìí, Code du numérique, Loi n° 2017-20 ti 20 oṣù kẹrin 2018. Bí àwọn APDP, àjọ tó ń bójú tó ààbò ìsọfúnni àwọn ènìyàn, bá béèrè ẹni tó lè rí ìsọfúnni yẹn, ó yẹ kí o lè ka orúkọ wọn láì wo ilẹ̀.

Bí ẹni Sábẹ̀ẹ́ bá ń lo Windows, ssh àti ssh-keygen ti wà nínú Windows 10 àti 11, kò nílò kó lọ gba nǹkan mìíràn. ssh-copy-id ni kò sí níbẹ̀. Kí ó fi .pub rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, ìwọ gbé e sínú authorized_keys rẹ̀, kí o rí i pé òun ló ni fódà .ssh náà, tí fódà wà ní 700, tí fáìlì sì wà ní 600. Bí ẹlòmíràn bá lè kọ nǹkan sí wọn, SSH yóò kọ kọ́kọ́rọ́ náà láì sọ ìdí fún un. Àkọsílẹ̀ sáfà nìkan ni yóò sọ ọ́. Kí ó tó tẹ yes nígbà àkọ́kọ́ tó bá ń wọlé láti kọ̀ǹpútà yẹn, ka àmì sáfà fún un lórí fóònù, èyí tí `ssh-keygen -lf /etc/ssh/ssh_host_ed25519_key.pub` bá tẹ̀ jáde fún ọ.